Ilé Tí Tírélà Gbé Wá sí Òde Rẹ́mọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹni tó dúró wá ibi fìdí lé. Àga wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lóòró. Ẹ ki fóònù yín bọ àpò, kí ẹ yá mi létí yín, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ lórí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tiwa, ilé kì í ti ibì kankan wá. Ibi tí ilé máa dúró sí náà ni wọ́n ti ń wú u jáde nínú ilẹ̀. Àwọn kòtò ńlá tí ẹ ń rí lẹ́yìn agbo ilé àtijọ́ ní Òde Rẹ́mọ wa níhìn-ín, tí ẹ̀ ń da ìdọ̀tí sí, ẹ má rò pé ààtàn ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú wọn ni amọ̀ ilé ti jáde. Bí ẹ bá rí ilé àtijọ́ tó ga, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kòtò tó jìn ń bẹ níbẹ̀. Bàbá mi a máa sọ pé ẹni tó ń mọlé, ilẹ̀ ló yá a ní nǹkan, ilẹ̀ yóò sì gbà á padà lọ́jọ́ kan. N kò mọ̀ pé màá wà láyé títí dọjọ́ náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń mọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká obì tán, tí òjò ti lọ, tí ọwọ́ sì dilẹ̀. Olóko obì ni bàbá mi. Nígbà tó fẹ́ mọ ilé tí mò ń sọ yìí, ó ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wa ní Ìpẹ̀rú àti Ìkẹ́nnẹ́, ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí òun máa gbà. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí ọ̀wẹ̀ bàbá mi bá parí, ti ẹlòmíràn ló kàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Àwọn ọkùnrin ń fi ọkọ́ tu ilẹ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi láti odò, wọ́n ń dà á sórí amọ̀, ẹsẹ̀ ń wọ inú rẹ̀: pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀. Bí mo bá dijú báyìí mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń mọ ògiri á dúró lókè, wọ́n á máa ju ìṣù amọ̀ sí i, á máa hán an, á máa là á mọ́lẹ̀: gbà, gbà. Òórùn ìkọ́kọrẹ́ á ti máa ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ẹni tí ebi ń pa á sì máa ju ìṣù amọ̀ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n á fi máa bú u.

Àbúrò bàbá mi kan wà tó jẹ́ tíṣà. Ó wọ bàtà dúdú wá kí wọn lọ́jọ́ náà, ó ní òun kò ní pẹ́. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún wa.” Ó kó sínú amọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, bàtà kan kò jáde. Wọ́n wá a títí, kó tó di pé ìyá mi ní kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ, pé bí ilé bá ní bàtà kò burú, á rí ohun fi rìn. Títí bàbá mi fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá kan ògiri pálọ̀, ẹnì kan á ní kó rọra, kó má tẹ Tíṣà lẹ́sẹ̀.

Àṣà kan wá wà nínú ilé tiwa. Ẹni tí yóò máa sùn nínú yàrá ni yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe eré. Bí bàbá mi bá ti pín yàrá, yóò pe orúkọ ẹni tó ni ín, onítọ̀hún á ká aṣọ sókè, á wọnú amọ̀ ní òun nìkan, gbogbo èrò á dúró wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́jọ́ náà. Ọmọge ni. Èmi kéré, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n tó láti rántí pé ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, nítorí ó ní yàrá òun sún mọ́ ilé ìdáná jù, èéfín á pa òun. Bàbá mi ní kó máa tẹ̀ ẹ́ ná, pé ilé kò tíì gbẹ.

Ilé kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé yín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dúró lé. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ní àkókò ìdúró yẹn, ẹni tó ni yàrá á máa wọ inú rẹ̀, ògiri kò tíì ju orúnkún lọ, ọ̀run ni òrùlé. Á dúró, á jókòó, á nawọ́. Á ní fèrèsé yìí ń wojú ilé onílé, ẹ sún un. Á ní ibí yìí ni mo fẹ́ kí ihò àtùpà mi wà. Wọ́n á fi àdá gé e. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí wọ́n fi yí i kúrò lọ́dọ̀ ilé ìdáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ilé tó gbẹ tán, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, òun náà ti mọ ara rẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ìpele kan àti èkejì kì í lẹ̀ mọ́ ara wọn kó má ní àmì. Ìlà kan máa ń wà láàárín wọn tó yọ síta, bí iṣan ọwọ́ àgbà. Níbi tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ dáadáa kò ní hàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa kò sẹ́ni tó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọkọ, ó bí Dàpọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọkọ kú, ó padà sílé bàbá wa, sínú yàrá rẹ̀. Ní Rẹ́mọ, kò sẹ́ni tó lè bi obìnrin pé kí ló ń wá nílé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ní àwọn èèyàn ń jìnnà sí òun, ó tún ní wọn kò tan iná mọ́, nígbà tó yá kò sọ nǹkan kan mọ́. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọ ilé wa, kò ní mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti lọ. Á jí, á gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, á jáde, á gbé ọwọ́ òsì lé ìlà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, á máa tẹ̀ lé e bí ẹni tó di okùn mú. Bí ìlà bá dáwọ́ dúró, ó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ nìyẹn. Bí ògiri bá ti há ọwọ́, tó rí gbágungbàgun, ilé ìdáná ni, nítorí ìka ọwọ́ ìyá wa ṣì wà lára rẹ̀ níbi tó fi rẹ́ ẹ. Á pọnmi, á dáná, á sì bú ẹni tó bá gbé garawa sójú ọ̀nà.

Àwọn mìíràn á ní, “Ìyá Dàpọ̀, ẹ jẹ́ ká dì yín lọ́wọ́ mú.”

Á ní, “Dì mí lọ́wọ́ mú lọ síbo? Ìwọ tó ń ríran, àná lo forí gbá fèrèsé mi.”

Àfi ìgbà tí òjò ọdún kan rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé amọ̀ kò ní ọ̀tá bí àgbàrá. Omi ti ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, à ń fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, sìmẹ́ǹtì ń ṣí bí èépá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ògiri ilé ìdáná wó lulẹ̀ gbì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. Mo sáré dé, mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku bo orí rẹ̀.

“Kí ló ṣubú?” ó bi mí.

“Ògiri ilé ìdáná ni, Àǹtí.”

Ó gbọn eruku kúrò lórí. “Ó ti dàgbà,” ó ní. “Ó fẹ́ jókòó ni.”

Kò yà á lẹ́nu. Èmi ni ó bà lẹ́rù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ ààrá, n kì í lè jókòó. Mo ń ronú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń ronú ọwọ́ òsì rẹ̀ lára ògiri, pé èyí tó ń fi ọ̀nà hàn án náà ló lè wó pa á.

Dàpọ̀ dé láti Èkó. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ńjíníà ni. Èkó ló ń gbé, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí Ògèrè, lẹ́bàá títì márosẹ̀, wọ́n ń ṣe ògiri níbẹ̀ bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n á fi kọnkéré da ògiri pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, fèrèsé àti ihò iná á ti wà lára rẹ̀, wọ́n á tò ó sórí tírélà, ó di ibi tí wọ́n ń lọ. Dàpọ̀ jókòó sọ́dọ̀ mi, ó ṣí fóònù, ó fi ilé hàn mí kí ilé tó wà.

“Bàbá, kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, ilé Màámi ti dúró. Kì í ṣe pé a máa mọ ọ́n níbí. Wọ́n á ti ṣe é tán lọ́hùn-ún, a kàn máa tò ó ni.”

“Bí ó bá ní kí wọ́n sún ilẹ̀kùn ńkọ́?”

“Bàbá, wọn kì í sún un. Bí wọ́n bá ti dà á, ó ti dì.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ nípa òjò. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ṣe, tó jẹ́ pé àwa nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, a kì í ju ọ̀rọ̀ tó wúwo lù ú. Dàpọ̀ ní ká má dààmú Màámi. Gbogbo ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dààmú wọn, ara wọn kò gbà á. A fi ọ̀wọ̀ dì í lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe da ògiri ilé rẹ̀ ní Ògèrè, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà.

A ní a fẹ́ tún òrùlé ṣe. A ní kó lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò wa kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìlárá. Nígbà tó ń wọ mọ́tò, ó ní, “Òrùlé nìkan o. Kí wọ́n má fọwọ́ kan yàrá mi.” Dírẹ́bà ló ti ilẹ̀kùn.

Katapílà dé lọ́jọ́ kejì. Ilé tí gbogbo ìdílé àti ìbátan fi ìgbà ọyẹ́ kan mọ, oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi di òkìtì. Kò tilẹ̀ pariwo bí mo ṣe rò. Ó kàn ń jókòó, yàrá lé yàrá, bí àgbà tó ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo yí òkìtì náà ká, mo ń wò bóyá màá rí bàtà Tíṣà. Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó mọ ilé náà, bá mi níbẹ̀.

“Kí lò ń wá?”

Mo sọ fún un.

“Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ fi wọ̀ ọ́?” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a. A kò rí i.

Tírélà wá dé. Ẹ mọ igun ojú ọ̀nà wa. Tírélà náà ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, àwọn ọmọ ń pariwo, “Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀,” ògiri ilé ẹ̀gbọ́n mi ń mì lórí rẹ̀. Kíréènì, ẹ̀rọ ọlọ́rùn gígùn yẹn, wá gbé ògiri sókè, ògiri ń lọ lójú sánmà kọjá lórí páànù ilé onílé. Ìyá kan nínú ilé náà jáde, ó gbọ́wọ́ lérí, kò wọlé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ akoto líle, ẹ̀rọ ń kùn, wọn kò kọrin. Àwọn obìnrin ilé ti gbé ìkòkò kaná láti fi se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun, àwọn ti gbé oúnjẹ àwọn wá nínú ike. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí. Èrò pọ̀, iṣẹ́ ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì ṣiṣẹ́ nínú wa.

Làmídì fi ìka kan ògiri náà. Fóòmù funfun wà láàárín rẹ̀. Ó dún kò, kò.

“Dàpọ̀, ilé ni àbí kọ́bọ́ọ̀dù?”

“Ilé ni, Bàbá. Kọ́bọ́ọ̀dù ń bọ̀ lọ́la.”

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò bínú sí i. Kí n má purọ́ mọ́ ilé náà, ó dára. Ògiri rẹ̀ tọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu olóṣèlú lọ. Òjò kò lè rí i gbé ṣe. Ilé ìwẹ̀ wà nínú ilé, omi ń yọ lára ògiri. Ọ̀pọ̀ yín tó jókòó síhìn-ín á fẹ́ irú rẹ̀, èmi náà kò sì ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fọwọ́ pa á kiri láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa dé, ọ̀tún, òsì, pálọ̀, yàrá, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ mi. Mo dijú. Mo rìn díẹ̀. N kò mọ ibi tí mo wà mọ́ nínú ilé tí mo ti ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé e dé. Bísí, ìyàwó Dàpọ̀, ló dì í lọ́wọ́ mú bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń gbé e, ó na ọwọ́ òsì síbi tí òpó iwájú ilé máa ń wà. Ọwọ́ náà wà lófuurufú. Ó tún sún síwájú, ó tún na ọwọ́.

“Ẹ ti gbé òpó lọ,” ó ní.

“Màámi, ilé tuntun la kọ́ fún yín,” Dàpọ̀ dá a lóhùn. “Ògiri tí kò lè wó mọ́.”

Ó wọlé. Ó wá ìlà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ lára ògiri dídán yẹn, bí ẹni ń wá ihò kọ́kọ́rọ́. Ó rò pé òun dé ẹnu yàrá òun, ó yà, ilé ìwẹ̀ ló bọ́ sí, ó gbọ́ omi lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó padà jáde, kò mọ apá ibi tí òun ti wá mọ́. Ó wá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ mú mi lọ sí ulé,” ó ní. Ulé ni àwọn ìyá wa ń pe ilé, kò sì yí i padà rí.

“Màámi, ilé nìyí.”

“Mo gbọ́. Ẹ mú mi lọ sí ulé.”

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò rìn mọ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú lọ wẹ̀, wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú padà. Obìnrin tó ń pọnmi, tó ń dáná, ó wá di ẹrù tí à ń gbé láti àga dé ibùsùn. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Bísí ló fi hàn mí lọ́jọ́ kan pé oúnjẹ tó ń kù sínú abọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo ti rí i rí, ẹ̀yin ọmọ, bí àgbà ṣe ń lọ. Kì í ṣe àrùn ló ń kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ tí àgbà bá ti dáwọ́ dúró nínú ilé ara rẹ̀ ló ti ń múra. Mo sì mọ̀ pé bí a kò bá ṣe nǹkan, òjò ọdún náà kò ní dá tán kó ṣì wà láyé.

Dàpọ̀ gbìyànjú. Ó so okùn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti yàrá dé ilé ìwẹ̀. Màámi fọwọ́ kàn án. “Ṣé ewúrẹ́ ni mí?” Nǹkan kan ṣoṣo tó sọ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Èmi àti Làmídì po amọ̀ láti ara òkìtì ilé àtijọ́, a ní a máa fi la ìlà sára ògiri tuntun náà. Ó lẹ̀, inú wa dùn. Nígbà tó gbẹ, ó ṣí wálẹ̀ lódindi, ó bọ́ sórí bàtà àlùfáà tó wá gbàdúrà fún un. Àlùfáà ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń wo bàtà náà títí ó fi ṣe àmín.

Bísí ló béèrè. Kò sí ọgbọ́n ńlá kankan níbẹ̀, ó kàn kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, “Màámi, kí lẹ fẹ́?” A wá mọ̀ pé ìbéèrè náà kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni látìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé ti bẹ̀rẹ̀.

“Yàrá kan,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Kó má tóbi. Kí n fẹsẹ̀ mi tẹ amọ̀ rẹ̀.”

Dàpọ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Màámi, òjò ti bẹ̀rẹ̀.”

“Mo ń gbọ́ ọ. Etí mi kò tíì fọ́.”

Kò sẹ́ni tó ń mọ ògiri amọ̀ nígbà òjò. Bàbá mi ìbá lé wa jáde. Ṣùgbọ́n òkìtì ilé àtijọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò wá; amọ̀ ilé bàbá wa náà ni. A yan ibì kan lẹ́yìn ilé tuntun. Bísí dì í lọ́wọ́ mú dé etí amọ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọnú rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: pọ̀ṣọ̀. Ó tún dúró. Pọ̀ṣọ̀. Ojú mi kò gbà á, mo yí sẹ́yìn. Làmídì ní èéfín ló kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dáná.

Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn? Èmi àti Làmídì ń pariwo pé a mọ̀ ọ́n, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ìpele àkọ́kọ́ mu omi jù, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró ń fi fóònù yà wá. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́. A tún un pò, àwọn tó ń yà wá náà sì gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wá bá wa tẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìpele kejì gorí rẹ̀, òjò ṣú láti apá Ìpẹ̀rú. Mo dúró níwájú ògiri tútù yẹn. Dàpọ̀ sáré gbé tapólì ńlá tí wọ́n fi bo ògiri Ògèrè lórí tírélà, ó gun àga tòun ti bàtà Èkó rẹ̀, ó nà á bò ó, ó sì fi ara rẹ̀ di etí kan mú títí òjò fi dá. Ó rin gbingbin. Ògiri kò rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Láàárín ìpele kan àti èkejì, bí a ti ń dúró kó gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n mú òun lọ síbẹ̀. Á wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbọ́wọ́ lé ògiri tí kò ju orúnkún lọ, á yí i ká. Bí ògiri ti ń ga, ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà. Ó ní kí a sún ilẹ̀kùn, a sún un. Ó ní ihò àtùpà, bẹ́ẹ̀ kò nílò àtùpà. A gé e fún un. Nígbà tí ògiri kàn án ní èjìká, kò di ẹnikẹ́ni mú mọ́. Ọjọ́ tí a kan páànù lé e, ó gbá ilẹ̀ rẹ̀, ó jáde, ó bi Làmídì pé ta ló gbé garawa sójú ọ̀nà. Làmídì fò sókè bí ọmọdé. Ó ní, “Ẹ ò rí i, wọ́n ti ń bú wa.”

Gbogbo òjò tó kù, inú yàrá yẹn ló wà. Ó ń jẹun. Ó sọ fún Bísí pé ògiri náà kò tíì parí, pé bó bá gbẹ dénú tán nígbà ọyẹ́, òun á kọ́ ọ bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ewé pa á, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ kan tí kùrukùrù bo gbogbo Òde Rẹ́mọ, Bísí gbé omi gbígbóná lọ fún un, ó bá a lórí ibùsùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ti lọ. Ó lọ láti inú yàrá tó mọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, tí gbogbo rẹ̀ tán, a jókòó pín ohun tó fi sílẹ̀. Ilé tí tírélà gbé wá di ti Dàpọ̀. Ó ti gba ayálégbé sí i. Olùkọ́ yunifásítì kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀. Àpótí aṣọ àti ìwé orin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa ní Ìlárá. Làmídì bẹ̀bẹ̀ fún tapólì, a fún un. Yàrá amọ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fún Bísí kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó jiyàn.

Bísí wá bá mi nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ti ń họ. Ó ní, “Bàbá, Màámi ní ewé kan wà tí àwọn ìyá ń gún mọ́ ìgbẹ́ màlúù, tí wọ́n fi ń pa ògiri. Ewé wo ni?”

N kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ obìnrin ni, ọjọ́ Orò ni wọ́n sì ń gún un, nígbà tí wọ́n wà nínú ilé tí àwa ọkùnrin wà níta. A kàn máa ń rí ògiri tó ń dán lẹ́yìn náà ni. Mo ti lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, mo ti dé Ìpẹ̀rú, mo ti bi gbogbo ìyá àgbà tí mo mọ̀. Ewé tí ìyá kan bá pè, ìyá kejì á ní rárá. Bísí gún gbogbo wọn. Ó pa ewé kọ̀ọ̀kan sí ojú kan lára ògiri náà, ó sì fi ẹfun kọ orúkọ ìyá tó sọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Èmi, ohun tí mo jogún ni pé kí n máa jókòó síwájú ògiri yẹn lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí n wo èyí tó kù.

Àná, méjì nínú wọn ti ṣí. Ẹ wo bí ojú ọ̀run ṣe rí lápá Ìpẹ̀rú yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ sẹ́yìnkùlé.